Orúkọ Tí Mi Ò Kọ Sílẹ̀

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń bá ọ jà, jókòó ná. Kì í ṣe ikú ni wọ́n kà fún ọ. Èmi tí mò ń kọ èyí ti ní in rí, mo lo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko, àwọn dókítà sì ti sọ fún mi pé ó ti lọ. Ara mi ti yá. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́ bí ẹni tó ń jó bọ̀ níwájú ìjọ láti wá jẹ́rìí, nítorí apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ mi tó ń tì mí lójú títí di òní. Apá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o gbọ́, kí o má bàa ṣe irú ohun tí mo ṣe.

Fìkáyọ̀ lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ìyá mi mú mi wá láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Thamesmead ní ìlú London, ibẹ̀ la sì ń gbé di ìsinsìnyí, èmi àti àwọn nìkan. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni ìyá mi ń ṣe. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélógún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì, mo sì ti rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Woolwich Arsenal, nígbà tí ìjọ wa ya Ọjọ́ Ìsinmi kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn míṣọ́nnárì. Ìjọ wa kò tóbi, òkè ilé ìtajà kan ní Woolwich la ti ń jọ́sìn. Ẹni tó wàásù lọ́jọ́ náà fi àwòrán abúlé kan ní orílẹ̀-èdè Chad hàn wá, ó sì béèrè pé ta ló lè fi nǹkan tó dùn mọ́ ọn sílẹ̀ nítorí àwọn tó wà níbẹ̀. Mo nawọ́. Omi ń dà lójú mi.

Mo ti ro ìnawọ́ yẹn títí. Mo gbà pé Ọlọ́run pè mí, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí nígbà yẹn pé ayé mi kò ní já mọ́ nǹkan kan, pé màá kàn máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, màá máa wọ̀ ọ́ bọ̀, títí màá fi darúgbó. Ó dùn mọ́ mi bí gbogbo ìjọ ṣe yíjú wò mí. Ìpè àti ìgbéraga jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà pé mi ò wá mọ́. Ọjọ́ kejì ni mo tó sọ fún ìyá mi.

"Chad?" ni ìyá mi wí. Wọ́n gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni Thamesmead fi ṣe ẹ́?"

"Mọ́mì, Ọlọ́run ló pè mí."

"Mo gbọ́. Ṣé kí o tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ló pè ẹ́, àbí lẹ́yìn tí o kọ̀ ọ́ tán?"

Mo kàn bínú wọlé lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwa mẹ́rin la máa ń pàdé láràárọ̀ Sátidé láti gbàdúrà fún àwọn orílẹ̀-èdè. Ilé Mọ́mì Àdúrà la ń lò, àjà kejì nínú ilé gíga kan nítòsí Harrow Manorway. Opó ni Mọ́mì Àdúrà, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, iṣẹ́ ìdáná ní ilé ìwé ni wọ́n sì ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìjọ, tọmọdé tàgbà, Mọ́mì Àdúrà là ń pè wọ́n. Tọkọtaya kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní Woolwich ni àwọn méjì yòókù. Pálọ̀ náà kéré, a sì máa ń ti fèrèsé pa pátápátá, nítorí òtútù, àti nítorí aládùúgbò kan tó máa ń fi igi lu ògiri bí ohùn wa bá ti ròkè díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa lù ú," ni Mọ́mì Àdúrà máa ń wí. "Òun ló ń bá wa lu ìlù." Lẹ́yìn náà wọ́n á fọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: "Míṣọ́nnárì mi, wá jókòó tì mí." Ibẹ̀ ni mò ń jókòó, wákàtí mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, orí mi lé èjìká wọn.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé, ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òógùn bẹ̀rẹ̀, tí mo bá jí láàárọ̀, aṣọ ìbùsùn á ti rin gbindin. Ó ń rẹ̀ mí. Síkẹ́ẹ̀tì mi ń bọ́ sílẹ̀, mo fi pín-ìn-nì mú un. Bí ẹnikẹ́ni lára wa bá ń rí èyí lára ẹlòmíràn ní ibi iṣẹ́, á sọ fún un pé kó lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n èmi ń gbààwẹ̀. Ta ló máa yà lẹ́nu pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ rù? Pásítọ̀ wa rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ẹran ara ń kú, ẹ̀mí ń dìde. Inú mi dùn. Ká sọ òótọ́, mo ń wo bí egungun ọrùn mi ṣe ń yọ nínú dígí, mo sì rò pé mo ń di mímọ́.

Tí àyà bá ń wúwo fún ẹni tó ń gbàdúrà, nínú ìjọ wa a máa ń sọ pé ó ní ẹrù. Ẹrù fún Chad, ẹrù fún Íńdíà. Ó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ti gbé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ lé e láyà. Àyà mi wúwo, apá òsì, bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé òkúta. Mo sọ fún Mọ́mì Àdúrà.

"Ẹrù ni," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà mi, ojú wọn sún mọ́ ojú mi. "Má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o."

Mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń rán míṣọ́nnárì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ojú ìwé kan wà níbẹ̀ lórí ìlera. Ṣé o ń wúkọ́? Ṣé o ń rù? Ṣé o ń làágùn? Mo mú "Rárá" fún gbogbo rẹ̀. Ìwọ tí o ń kà á lè rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ ni, àmọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn, ìgbàgbọ́ ni. Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í fi ẹnu ara ẹni gba àìsàn, bí o bá ti sọ pé ó ń ṣe ọ́, o ti fún un láṣẹ láti jókòó. Torí náà, mo mú "Rárá" bí ẹni tó ń lé e jáde.

Ìyá mi ló rí tíṣù tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ nínú agolo ìdọ̀tí.

"Fìkáyọ̀, kí lèyí?"

"Ara mi le, Mọ́mì."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ara ẹ le. Mo ní kí lèyí?"

Wọ́n ti wé gèlè kí n tó rí èsì fọ̀. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù, a sì jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Ọmọdé ń sunkún, ọkùnrin kan ń bá ẹ̀rọ tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò jà. Gbogbo ìgbà tí mo bá wúkọ́, obìnrin tó jókòó níwájú wa á sún àga rẹ̀ síwájú díẹ̀. Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò àyà mi tán, ohun gbogbo yára: nọ́ọ̀sì kan gbé ìbòmú fún mi, wọ́n mú mi lọ sí yàrá tí èmi nìkan wà, wọ́n ní kí n wúkọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike. Nígbà tí dókítà fi máa dárúkọ rẹ̀, ìyá mi ti mọ̀. Nílé, àwọn àgbà ń pè é ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, wọ́n sì máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ pè é.

"Má sọ fún ẹnì kankan," ni ìyá mi sọ sí mi létí. "Ẹnì kankan."

Àbúrò ìyá mi, ẹnì kan ṣoṣo tí ìyá mi sọ fún, pè láti Ìjẹ̀bú-Òde kí ilẹ̀ tó ṣú. "Oyin àti orógbó, ẹ gún àlùbọ́sà eléwé mọ́ ọn. Kẹ́míkà àwọn òyìnbó yẹn á pa á! Èmi á fi àgbo ránṣẹ́." Ìyá mi fẹ́ gbà á. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún wa pé oògùn tí mò ń lò ń da ẹ̀dọ̀ láàmú tó, pé tí a bá da àgbo pọ̀ mọ́ ọn a lè ba ẹ̀dọ̀ mi jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá mi kò fi lè lọ síbi iṣẹ́, títí àyẹ̀wò fi hàn pé kò ràn wọ́n. Oògùn náà ọ̀fẹ́ ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó rẹ̀ dẹ́rù bà ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì láìsí iṣẹ́ dùn wá, mo sì ti kọ iṣẹ́ tèmi sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fetí sí gan-an nìyí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn tó ní àrùn yìí jókòó tì mí, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í kánjú. Ó gbé ìwé kan lé orí ẹsẹ̀.

"Ta lẹ jọ máa ń wà nínú yàrá kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí? Kì í ṣe láti bá ẹnikẹ́ni wí o. Ká lè tètè yẹ̀ wọ́n wò ni."

Mo kọ orúkọ ìyá mi. Mo kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Gbọ̀ngàn ni, ó láyè dáadáa."

"Kò sí ẹgbẹ́ kékeré kan? Nínú ilé ẹnì kan?"

Mọ́mì Àdúrà wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Bíírò wà lọ́wọ́ mi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rò ni pé mi ò mọ orúkọ wọn. Lóòótọ́ ni. Ọdún méje ni mo ti mọ obìnrin yìí, mo ti jẹun nínú àwo wọn, mi ò sì béèrè orúkọ wọn rí, nítorí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í wá orúkọ àgbà kiri. Mo sọ fún ara mi pé ìwé òyìnbó kò ní gba "Mọ́mì Àdúrà", pé nọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín. Mo sá wọ abẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n nọ́mbà fóònù wọn wà lórí fóònù mi, mo sì mọ ilé wọn lójú oorun. Ohun tí mò ń sá fún ni pé bí ọsibítù bá pe Mọ́mì Àdúrà, Mọ́mì Àdúrà á pe pásítọ̀, pásítọ̀ á rántí fọ́ọ̀mù tí mo mú "Rárá" sí, Chad á sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kò sí," ni mo wí.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oògùn náà kò rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Èébì ń gbé mi, oríkèé ń ro mí, ìtọ̀ mi pọ́n bí ẹni pé wọ́n da epo pupa sí i. Má fòyà tí o bá rí i, oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òógùn dáwọ́ dúró, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Àwọn ará ìjọ mọ̀ pé ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni, kò sí ẹni tó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́mì Àdúrà sì ń pè mí láràárọ̀ láti gbàdúrà fún mi.

"Míṣọ́nnárì mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Ọlọ́run á…" Ikọ́ gbé wọn. Ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Òtútù àwọn èèyàn yìí ni. Jẹ́ ká gbàdúrà."

Mo mọ ikọ́ yẹn. Bí mo ṣe mọ ohùn ara mi ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. O mọ ohun tí mo ṣe? Mo ní kí wọ́n máa mu omi gbígbóná. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, lójoojúmọ́, mo ń gbọ́ ọ, mo ń dáhùn "Àmín" sí àdúrà tí wọ́n ń gbà fún ìlera mi, mo sì ń sọ pé kí wọ́n fi oyin díẹ̀ sí i.

Ní oṣù kẹta tí mo ti ń lo oògùn, lẹ́tà dé pé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ti gbà mí, pé kí n múra fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lọ́sẹ̀ kan náà, ìpè Mọ́mì Àdúrà dáwọ́ dúró. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì. Ní Ọjọ́ Ìsinmi ìyá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà.

"Mọ́mì Àdúrà wà ní ọsibítù. Òtútù àyà, àwọn dókítà ní. Wọ́n ń fún wọn lóògùn, kò ṣiṣẹ́." Wọ́n wò mí. "Fìkáyọ̀. O dárúkọ wọn fún nọ́ọ̀sì yẹn, àbí?"

Mo wá báàgì mi. Ìyá mi jókòó sórí àga pẹ̀lú bàtà wọn lẹ́sẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ bi mí pé ta ni mo fẹ́ rí. Mo pe ìyá mi lórí fóònù.

"Mọ́mì, kí lorúkọ Mọ́mì Àdúrà?"

"Orúkọ wo? Mọ́mì Àdúrà náà kọ́?"

"Orúkọ tí ìyá tó bí wọn sọ wọ́n!"

"Háà. Èmi náà ò mọ̀ o."

Mo ní láti pe Mọ́mì Àdúrà fúnra wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

"Mọ́mì Àdúrà, ẹ má bínú, kí lorúkọ yín?"

"Orúkọ mi?" Èémí wọn ń gé. "Ṣé o fẹ́… sọ mí lórúkọ ni?"

"Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń béèrè, mà."

"Mòrádékẹ́," ni wọ́n wí. Wọ́n fi orúkọ ọkọ wọn tó ti kú kún un, díẹ̀díẹ̀, kí n lè kọ ọ́.

Nígbà tí mo dé òkè, yàrá wọn kọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo dúró níwájú tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Lẹ́tà ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì wà nínú báàgì mi. Mo lè yí padà. Èrò ìyẹn wá, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ikọ́ náà láti inú yàrá. Mo sọ pé, "Èmi ní ikọ́ ife. Oṣù mẹ́rin lèmi àti ìyá tẹ́ ẹ ń tọ́jú níbẹ̀ yẹn, Mòrádékẹ́, fi jọ gbàdúrà nínú ilé wọn, a ti fèrèsé pa. Wọ́n bi mí, mi ò dárúkọ wọn." Nọ́ọ̀sì náà wò mí, ó dìde, ó lọ pe dókítà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gbé Mọ́mì Àdúrà sí yàrá ọ̀tọ̀, wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ti ṣe tipẹ́.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé, tèmi tìbòmú. Èsì ti jáde. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mọ́mì Àdúrà ń wo òkè àjà.

"Wọ́n ní kí o kọ orúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò kọ mí."

"Mi ò kọ yín, mà."

"Nítorí Chad."

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Àwọn orílẹ̀-èdè lo fẹ́ gbà là," ni wọ́n wí, wọ́n ń wá èémí láàárín ọ̀rọ̀. "Èmi tí mo wà ní Harrow Manorway yìí ńkọ́? Ibo ni tèmi wà?" Mo bú sẹ́kún. "Má sunkún síbí, Fìkáyọ̀. Èmi ló yẹ kó sunkún. Mi ò sì ní èémí tí mo máa fi sun ún."

Àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò náà kò sí lára tọkọtaya tó ń bá wa gbàdúrà. Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì pé irọ́ wà nínú fọ́ọ̀mù mi, mo sì dá àyè wọn padà. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ìfẹ́, wọ́n ní mo lè tún béèrè lọ́jọ́ mìíràn. Mo lọ sọ fún pásítọ̀ náà. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Ṣùgbọ́n má dárúkọ àìsàn náà. Má sì mẹ́nu kan Mọ́mì Àdúrà. Kàn sọ pé Ọlọ́run mú ẹ la àfonífojì kan já."

"Bí mi ò bá sọ ti Mọ́mì Àdúrà, sà, kí ni mo wá sọ?"

"Jẹ́ ká máa gbàdúrà sí i," ni wọ́n wí. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Mi ò tíì jẹ́rìí nínú ìjọ di òní, ohun tí ò ń kà yìí ni ẹ̀rí mi.

Bí wọ́n bá bi ọ́ lórúkọ, dá a. Bí o kò bá mọ orúkọ, pè wọ́n kí o béèrè, ìtìjú kì í pa ènìyàn. Bí o bá ń gbààwẹ̀, tí o sì ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, jẹun kí o lọ rí dókítà. Ọlọ́run kò ní bínú sí ọ. Má sì pa oògùn náà tì nígbà tí ara bá ti fúyẹ́, lò ó tán. Ó ń ṣiṣẹ́. Èmi ni ẹ̀rí rẹ̀. Mo ti sanra padà, mo ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní ilé ìkàwé kan, ẹ̀dọ̀fóró mi mọ́ nínú fọ́tò.

Ti Mọ́mì Àdúrà kò mọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú wọn ti pẹ́ jù kó tó bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò náà ti kú, ṣùgbọ́n àpá tó fi sílẹ̀ kò lọ, dókítà ní kò ní lọ. Láràárọ̀ Sátidé mo máa ń bá wọn ra nǹkan ní Thamesmead Town Centre, màá wọ bọ́ọ̀sì gbé e lọ. Mo ti ní kí wọ́n dárí jì mí nígbà púpọ̀. Mo ti dáwọ́ dúró, nítorí mo rí i pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ara mi ni mò ń wá, àwọn ni mo sì ń dà láàmú. Wọn ò pè mí ní míṣọ́nnárì mọ́. Fìkáyọ̀ ni wọ́n ń pè mí.

Sátidé tó kọjá, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi rìn dé ọjà, fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí a padà dé, lífìtì ti bàjẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, èmi ni mo gbé gbogbo báàgì. Kí a tó dé àjà kìíní, Mọ́mì Àdúrà di irin mú, wọ́n dúró. Ètè wọn ti yí àwọ̀. Wọ́n juwọ́ sí mi.

"Máa lọ," ni wọ́n wí. "Bí o bá fẹ́ lọ, máa lọ."

Mi ò mọ̀ bóyá àtẹ̀gùn ni wọ́n ń sọ tàbí Chad, mi ò sì béèrè. Mo gbé àwọn báàgì náà sílẹ̀, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ mí ná, mà," ni mo wí.